Kíṣìnnì ilé rẹ́ǹtì tó dúdú bí ìdí ìkòkò: kí ni kí n ṣe sí i tí onílé ò fi ní bínú?

IyawoTuntun_Kabba

Òkun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Oṣù tó kọjá la kó dé ilé tuntun níbí ní Kabba, yàrá méjì àti pálọ̀, ilé náà dáa, kànga wà nínú ọgbà, ariwo ò sí, ṣùgbọ́n kíṣìnnì ẹ̀ ń bà mí lọ́kàn jẹ́ gan-an ni. Ẹni tó gbébẹ̀ kó tó kan àwa, sítóòfù kẹrosíìnì ló ń lò, ìgbà míì wọ́n ní ó tún máa ń gbé iná eléèédú wọbẹ̀, bóyá kò tiẹ̀ ṣí fèrèsé rí, torí síìlì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ògiri apá ibi tí sítóòfù wà ti di àwọ̀ tíì, tó o bá fọwọ́ kàn án, ọwọ́ ẹ á máa yọ̀ bíi pé àkàrà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán.

Kò tóbi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́jọ ni, fèrèsé onílúfà kékeré kan, ilẹ̀kùn kan tó jáde sẹ́yìn ilé. Kọ̀ǹkéré ni wọ́n fi ṣe sílábù, wọn ò lẹ táìlì kankan mọ́ ọn, kọ́bọ́ọ̀dù ò sí, pákó ìgbéǹkanlé ò sí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo ìkòkò mi wà báyìí. Ọkọ mi ní ilé onílé ni, kí n má náwó sí i, pé ọdún méjì péré la san. Mo ní ọdún méjì ọ̀hún náà ni màá fi máa dúró nínú òkùnkùn yẹn láàárọ̀ lálẹ́, òun tó ń jẹun ní pálọ̀ báwo ló ṣe máa mọ̀.

Mo ti rí àwọn sítíkà tó jọ mábù lórí fóònù, èyí tó ní ìlà wúrà wúrà yẹn, ó wù mí gan-an. Ṣé mo lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yẹn bó ṣe wà? Tí mo bá lẹ táìlì sí sílábù ńkọ́, ṣé onílé máa dá owó mi padà? Àwọ̀ wo ló dáa? Agírímẹ́ǹtì wa sọ pé ká má kan ìṣó mọ́ ògiri láìgba àṣẹ. Gáàsì ni mo fi ń dáná, èédú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí gáàsì bá tán lójijì, ọmọ méjì kéékèèké ló wà nílé. Owó ò pọ̀ lọ́wọ́ o.

---

Oloda_Isanlu

Àbúrò, òkun. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣe sùúrù kó o gbọ́ mi dáadáa. Sítíkà kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá. Ohun tó wà lára ògiri ẹ yẹn kì í ṣe èéfín nìkan, ọ̀rá tó ń ta sókè nígbà tí wọ́n ń dín nǹkan ló kọ́kọ́ mú ògiri, èéfín bà lé ọ̀rá, eruku ọyẹ́ bà lé èéfín, ó ti di ìpele ìpele. Tó o bá lẹ sítíkà wúrà wúrà lé e, tó bá pẹ́ jù ọ̀sẹ̀ kejì wàá bá a nílẹ̀.

Fọ̀ ọ́ ná. Omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọṣọ, kàn-ìn-kàn-ìn. Ìsàlẹ̀ ni kó o ti máa fọ̀ ọ́ lọ sókè, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, tó o bá bẹ̀rẹ̀ lókè omi ìdọ̀tí á ṣàn sórí ibi tó ṣì gbẹ, á fa ìlà síbẹ̀, ìlà yẹn á le ju ìdọ̀tí tó o ń fọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà fi omi tó mọ́ ṣàn án, jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán, tó bá jẹ́ àsìkò òjò fi ọjọ́ kún un.

Wàyí o, má lọ ra emulsion kó o kàn kùn ún lé e lórí. Ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìṣe tí wọ́n á wá máa bú pẹ́ńtà. Omi ló wà nínú emulsion, omi yẹn ló máa tú àbàwọ́n èéfín tó ti wọ inú ògiri, lọ́jọ́ kẹta lọ́jọ́ kẹrin wàá rí i tó yọ jáde láwọ̀ tíì, o kùn ún lẹ́ẹ̀kejì ó yọ, o kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta ó yọ, owó ń lọ. Undercoat olóróró ni kó o kọ́kọ́ fi bò ó, èyí tí kì í dán o, torí emulsion kì í di ohun tó ń dán mú. Tíyẹn bá ti gbẹ kó o wá fi emulsion kun síìlì àti òkè ògiri, kó o fi gloss, ọ̀dà olóróró tó ń dán, kun láti ilẹ̀ dé èjìká ẹ. Gloss yẹn ni táìlì tálákà lọ́wọ́ tèmi, epo ta sí i, o fi àkísà tútù nù ún, ó tán.

Ti pé mélòó lo máa rà, mo ti bá ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 8 tó mítà 3 sí 2.4, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò máa tó nǹkan bíi mítà 25 níbùú lóròó, síìlì á lé díẹ̀ ní 7. Lítà kan ọ̀dà tó dáa máa ń kun nǹkan bíi mítà 10 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀, tó bá jẹ́ ògiri páráńpárán ó máa gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gálọ̀nù onílítà 4 kan ti undercoat, ọ̀kan emulsion, ọ̀kan gloss, ó tó ẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà ẹ́ ní bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Àwọ̀, má kun funfun báláú. Ẹ̀yin ará Kabba ẹ mọ eruku pupa tiyín. Ra kíríìmù, àwọ̀ bíi ògì tí wọ́n bu mílíìkì sí, ìmọ́lẹ̀ á wà, eruku ò sì ní tètè hàn. Nísàlẹ̀ o lè fi àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ tàbí eérú.

Nǹkan méjì tí mi ò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń kun olóróró, ẹ gbé sílíńdà jáde pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má ṣáná, òórùn tínà tó wà nínú ọ̀dà yẹn ń gbiná bíi pẹtiróòlù. Èkejì, wo síìlì ẹ dáadáa, tó bá jẹ́ èyí tó le bí àwo tó sì ní àwọ̀ eérú, tó jẹ́ ilé àtijọ́, asbestos lè wà nínú ẹ̀, má fi sáńpépà ha á, má lu ihò sí i, eruku ẹ̀ burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Rọra fi kàn-ìn-kàn-ìn tútù nù ún kó o kun ún, ó parí.

---

IyaIbeji_Egbe

Ìyàwó wa, kú ìdáná o. Gbogbo ohun tí pẹ́ńtà sọ yẹn òótọ́ ni, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti sítíkà fún ẹ torí ojú mi ti rí i. Ilé tá a gbé kí a tó kọ́ tiwa, mo ra sítíkà mábù, mo lẹ gbogbo ògiri tìrẹpẹ̀, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi wá wò ó, inú mi dùn, mo ya fọ́tò sọ́wọ́ àbúrò mi l'Ábújá. Ó dáa fún oṣù mẹ́ta. Ọyẹ́ dé, etí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká bíi ewé gbígbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù tún un lẹ̀, ó tún ká. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì mo gbọ́ tí nǹkan ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, mo ṣí etí kan báyìí, ẹ̀yin ará, aáyán! Ìdílé, mọ̀lẹ́bí, ẹbí bàbá ẹbí ìyá, wọ́n ti fi sítíkà owó mi kọ́ ilé síbẹ̀. Nígbà tá a wá fẹ́ kó jáde tí mo ní kí n yọ ọ́, ọ̀dà ògiri bá a jáde pátápátá, onílé ní a ti ba ilé òun jẹ́, owó tá a fi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tá a kó wọlé, kọ́bọ̀ kan ò padà.

Nítorí náà ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni báyìí. Pe káfíńtà, kó gé plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ìwọ̀n ẹ̀yìn sílábù ẹ, gíga ẹ̀ bíi ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó o wá lẹ sítíkà ẹ mọ́ ara pákó yẹn, kì í ṣe ara ògiri. Wàá kàn gbé e dúró sẹ́yìn sílábù, àwọn ìkòkò àti ike nǹkan tó o tò síwájú ẹ̀ ló máa gbá a mú. Ọjọ́ tó o bá ń lọ wàá gbé pákó ẹ dání lọ ilé tuntun. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ o lè gbé e kúrò kó o gbálẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀, aáyán ò ní ríbi sùn. Ṣùgbọ́n má gbé e sẹ́yìn gáàsì gangan o, rọ́bà ni sítíkà, ooru á sọ ọ́ di rúgúrúgú. Ẹ̀yìn gáàsì, fi páànù pẹlẹbẹ síbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ páànù á gé e fún ẹ.

Mo rí i tí àwọn kan á sọ fún ẹ pé lẹ táìlì sílẹ̀. Ṣé o máa ń gúnyán? Torí kò sí bó o ṣe fẹ́ gbé odó lé orí táìlì kó má là. Odó nìkan tiẹ̀ kọ́, lu ilẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kó o wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà ni kó o tẹ́, èyí tí wọ́n ń gé lọ́jà bí aṣọ, o ká a, o gbé e lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni kó o ti máa gúnyán.

---

IyawoTuntun_Kabba

Haaa mà, ẹbí bàbá ẹbí ìyá! Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ mi fi bèèrè pé kí ló dé. Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n pẹ́ńtà, mi ò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, òkè ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lánàá, ìlà ti wà níbẹ̀ báyìí lóòótọ́.

Iyán, a máa ń gún un, ọkọ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ pàǹdó, iyán oníyẹ̀fun, lọ́jọ́ Sátidé. Ti sílábù ni mi ò tíì gbọ́. Ṣé kí n bá onílé sọ ọ́ àbí kí n kàn ṣe é? Ajẹ́ńtì ní kí n má sọ fún onílé, pé tó bá rí i pé ó rẹwà òun fúnra ẹ̀ á dúpẹ́.

---

Baba_Onile_Mopa

Ọmọ mi, ajẹ́ńtì yẹn ò fẹ́ ẹ fún rere. Èmi fúnra mi mo ní ilé tí èèyàn ń gbé, flátì mẹ́rin, jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn àwa onílé fún ẹ torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún yín.

Ohun tó o bá fi síméńtì lẹ̀ mọ́ ilé, ti ilé ni. Bó ṣe wà nínú òfin nìyẹn, tó o bá kó lọ o ò lè hó o kúrò, tó o bá sì hó o, ilé lo bà jẹ́. Nítorí náà táìlì tó o bá lẹ̀ láìsọ, ẹ̀bùn lo fún onílé, kò sí bó o ṣe máa wá bèèrè owó ẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn onílé míì tiẹ̀ máa wo táìlì yẹn wọ́n á ní ilé àwọn ti níyì sí i, wọ́n á fowó kún rẹ́ǹtì fún ìwọ tó o ṣe é gan-an. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, mo mọ àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé mi, ọmọbìnrin tíṣà kan, ó gbọ́n ju ajẹ́ńtì ẹ lọ. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan ó ya fọ́tò kíṣìnnì bó ṣe bá a, ó fi ránṣẹ́ sí mi, ó pè mí, ó ní bàbá ẹ kú ilé, mo fẹ́ tún ibí ṣe, iye tí bíríkìlà gbà nìyí, iye táìlì nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ṣé a lè pín in. Bó ṣe bá mi sọ ọ́ yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ ní rárá? Mo ní kó ṣe é, ìdajì á jáde nínú rẹ́ǹtì ọdún tó ń bọ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé, èmi fọwọ́ sí i, òun fọwọ́ sí i, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ oníkálùkù. Ìwé yẹn ni kó o má gbàgbé o, torí onílé lè kú, ọmọ ẹ̀ á sì dé láti Èkó á ní òun ò mọ nǹkan kan.

Tó bá ní òun ò sanwó, fi síméńtì ẹ sílẹ̀. Ní kí káfíńtà gé pákó kan tó nípọn lé orí sílábù, fi rọ́bà ìtẹ́ tábìlì tó nípọn bò ó, ó tán. Ti ìṣó náà, bèèrè. Èmi ò kọ ìṣó mẹ́rin tí wọ́n fi pákó ìgbéǹkanlé kọ́ dáadáa, ohun tí mo kọ̀ ni ẹni tó kan ogójì ìṣó mọ́ ògiri kó tó rí ibi tí kàlẹ́ńdà ẹ̀ máa wà.

---

OmoOworo_Lokoja

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ àǹtí. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wúlò o, mo ti fi pamọ́ fún ara mi.

Tèmi ni pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ti ìmọ́lẹ̀. Ẹ lè kun kíríìmù, kíríìmù ò ní ràn lókùnkùn. Fèrèsé kékeré kan tẹ́ ẹ ní yẹn, ẹ kọ́kọ́ yọ dígí lúfà rẹ̀ kí ẹ fọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ẹ yọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti dí pẹ̀lú ọ̀rá kí ẹ fi tuntun sí i. Mo ṣe é nílé tiwa níbí, ìyá mi bèèrè pé ṣé mo tan iná ni. Lálẹ́, ẹ ra gílóòbù LED tó ń gba iná sára, èyí tó ń tàn nìṣó tí NEPA bá mú iná lọ, ẹ fi sí hódà kíṣìnnì kẹ́ ẹ tó fi sí pálọ̀, torí kíṣìnnì lẹ ti ń mú ọ̀bẹ. Ẹ mú èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ jọ ti oòrùn ìrọ̀lẹ́, èyí tó funfun bíi ti ọsibítù máa ń jẹ́ kí ọbẹ̀ dà bíi pé ó ti bàjẹ́.

Ti gáàsì, ẹ jọ̀ọ́ àǹtí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mo rí i tí àwọn èèyàn ń fi kọ́tìnnì aláràbarà bo abẹ́ sílábù kí sílíńdà má baà hàn. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń sùn sí, abẹ́ sílábù tẹ́ ẹ fi aṣọ dí yẹn gan-an ló máa kóra jọ sí. Fún ìdí èyí, tí ààyè bá wà ẹ gbé sílíńdà síta lẹ́yìn ilé nínú àgò onírin tó ní ihò, kí rọ́bà ẹ̀ gba inú ògiri wọlé, onílé gbọ́dọ̀ gbà fún ihò yẹn ṣá. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kó wà ní gbangba lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ fi ìfófó ọṣẹ sí ọrùn ẹ̀ nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ̀, tó bá ń hó, ó ń jò. Àti èédú tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń dá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn, ìta ni o, kì í ṣe torí ọ̀dà tuntun nìkan, èédú máa ń mú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kì í rùn, tí ojú ò rí, ó ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé sínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má ra èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó tẹ̀ pọ̀. Ọdún 2022 tí omi wọ Ganaja lọ́dọ̀ wa, ilé àbúrò bàbá mi, gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì, àwọn pákó gidi tó wà nínú ilé kan náà gbẹ, wọ́n ṣì ń lò ó. Mo mọ̀ pé omi ò lè dé Kabba bẹ́ẹ̀, orí òkè lẹ wà, ṣùgbọ́n páìpù abẹ́ ṣíńkì tó ń jò náà máa ṣe irú ẹ̀, á kàn pẹ́ díẹ̀ ni.

---

Bunu_ni_mi

Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọkùnrin ti sọ ti síméńtì, ti gáàsì àti òfin tán, jẹ́ ká wá sọ ti ẹwà báyìí abi?

Ṣé o mọ̀ pé o ò jìnnà sí Ògìdì? Iṣẹ́ òfì àtọwọ́dọ́wọ́, àdìrẹ, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Nike Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀rọ̀ àdìrẹ, ọmọ Ògìdì ni, ó sì ní ibi iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Kí wá lo fẹ́ fi mábù ayédèrú ṣe? Ra àjákù àdìrẹ, kì í wọ́n bí odindi, rán an ní kọ́tìnnì kúkurú tó máa dé ìdajì fèrèsé nìkan, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba òkè wọlé. Kó jìnnà sí gáàsì o, mi ò fẹ́ kí ará Lọ́kọ́ja yẹn tún bá mi sọ̀rọ̀. Kì í gba ìṣó náà, ọ̀pá tó ní sípíríǹgì nínú tí wọ́n ń fún mọ́ àárín ògiri méjì wà lọ́jà, òun ni kó o fi gbé e kọ́. O lè fi irú ọ̀pá yẹn kan náà sókè sílábù kó o fi ìkọ́ S gbé ṣíbí, ìgbakọ àti asẹ́ kọ́ sí i.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan torí mo ti rí i nílé ẹnì kan rí: tí wọ́n bá fi aṣọ pupa kan hàn ẹ́ tí wọ́n ní ti Bùnú ni, tó ń jẹ́ aṣọ ìpò, má gbé e kọ́ sí kíṣìnnì nítorí Ọlọ́run. Aṣọ òkú àwọn èèyàn ńlá ni lọ́dọ̀ wa. Ìyá ọkọ ẹ bá wọlé tó bá a lórí ṣíńkì, ọbẹ̀ ọ̀hún ò ní jẹ.

Igbá ńkọ́? Igbá fínfín méjì mẹ́ta, gbé wọn tì lórí pákó, pẹ̀lú ìkòkò amọ̀ kan tó o fi ṣíbí onígi sí. Kó o gbin ẹfinrin sínú agolo mílíìkì ńlá méjì, lu ihò sí ìdí wọn, gbé wọn sójú fèrèsé. Ọbẹ̀ ló wà fún, àwọ̀ ewé ló wà fún, òórùn ẹ̀ ẹ̀fọn ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Ẹfinrin yẹn ò gba owó, o kàn máa bẹ aládùúgbò ni.

---

Oloda_Isanlu

Abí àwọn ọkùnrin ti sọ ti síméńtì tán, hahaha. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fọ ògiri kí igbá tó dé o.

---

IyawoTuntun_Kabba

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá jábọ̀, ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí.

Mo pe onílé bí bàbá ṣe kọ́ mi. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Kò dáhùn fún ọjọ́ méjì, àyà mi ń já, ìgbà tó máa pè ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé síìlì rí bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó jáde sọ fún òun pé òun ti kun ún kóun tó lọ! Ó ní táìlì òun ò lówó ẹ̀ báyìí ṣùgbọ́n òun á san owó ọ̀dà tí mo bá fi ìwé ọjà hàn án, ìṣó mẹ́fà lòun fún mi. Ìṣó mẹ́fà, ẹ gbọ́ o, ó kà á. Ọkọ mi tó ní kí n má náwó sí ilé onílé, nígbà tó gbọ́ pé onílé máa san owó ọ̀dà, òun ló gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ ògiri, omi kẹjọ kẹsàn-án ló tó mọ́. A lo undercoat, a lo kíríìmù lókè, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀. Plywood Ìyá Ìbejì wà lẹ́yìn sílábù pẹ̀lú sítíkà mábù mi (mi ò lè fi í sílẹ̀, ẹ foríjì mí Bùnú), páànù wà lẹ́yìn gáàsì, sílíńdà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láìbò. Ìṣó mẹ́rin la fi kan pákó méjì, méjì tó kù mo ń tọ́jú ẹ̀ bíi wúrà. Kọ́tìnnì àdìrẹ ṣì ń bọ̀, ẹnì kan tó ń lọ sí Ògìdì ni mo fowó rán. Ẹfinrin kan ti hù, adìẹ aládùúgbò jẹ èkejì.

Ohun kan ṣoṣo, igun ògiri tó wà lókè ibi tí sítóòfù wà tẹ́lẹ̀, àwọ̀ tíì yẹn tún ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, ó tó bí àtẹ́lẹwọ́. Òtítọ́ ni pé ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a dé ibẹ̀, undercoat ti ń tán lọ, ọkọ mi ní kò sẹ́ni tó máa gbójú sókè wò ó. Ẹ̀gbọ́n pẹ́ńtà, ṣé kí n tún gbogbo ògiri yẹn kùn ni?

---

Oloda_Isanlu

Rárá, àbúrò. Igun yẹn nìkan. Ra undercoat onílítà kan, fi sáńpépà fẹ́lẹ́ ra ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó lè dì í mú, kùn ún kó kọjá àbàwọ́n yẹn díẹ̀ ní gbogbo etí, jẹ́ kó sùn mọ́jú, kó o wá fi kíríìmù tó ṣẹ́ kù bò ó. Ṣé o fi kíríìmù pamọ́? Wọ́n máa ń dà á nù. Kí ọkọ ẹ gbé àga gun, ọ̀sán ni kó ṣe é o. Àwòrán dà?

---

IyawoTuntun_Kabba

Ó kù nínú gálọ̀nù, mo ti dé e pa. Àwòrán ń bọ̀ ẹ̀gbọ́n, NEPA ò tíì mú iná wá láti àná, fóònù mi ti ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, gílóòbù inú kíṣìnnì nìkan ló ń tàn nínú ilé, gbogbo wa la wà níbẹ̀ báyìí, títí kan ọkọ mi.